Onílé Mi ní Guangzhou Ní Miǎnyìlì Mi Kò Dára: Ṣé Èébú Ni?

ÌBÉÈRÈ

Oníṣòwò aṣọ ni mí. Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kékeré ń gbé. Èdè Ṣáínà tí mo gbọ́ kò ju ti inú ọjà lọ: iye owó, àwọ̀, ìwọ̀n, "ẹ bá mi dín in kù." Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ikọ́ ti ń yọ mí lẹ́nu. Ìyá àgbà tó ni ilé tí a ń gbé gbọ́ bí mo ṣe ń wú u, ó mi orí, ó ní miǎnyìlì mi kò dára. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, ohun tó gbé jáde ni "immunity". Nílé, ti gómìnà tí wọn kì í gbé lọ sílé ẹjọ́ ni mo mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àti ti àwọn tó ní kòkòrò HIV. Àyà mi já. Ṣé ohun tí obìnrin yìí ń sọ ni pé mo ní àrùn Éèdì? Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti yá mọ́ ọn mọ́. Ó gbé ọbẹ̀ olómi kan wá fún mi, mi ò lè fẹnu kàn án.

Mo tún rí ọ̀rọ̀ yìí lára agolo ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń tà nílé oògùn, owó rẹ̀ sì ga gan-an. Mo rí i nínú ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ mi. Nígbà tó tún yá, mo ń pọ́n ọmọbìnrin tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lé kó lè dín owó kù fún mi, ó ní òun ti miǎnyì sí ọ̀rọ̀ mi, gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tú u.

Ìyá Ọmọ Kan, Guangzhou

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ kú àìsimi, ẹ sì kú ara tí kò le. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá yẹn kò bú yín, kò sì fi àrùn kankan sùn yín. Ohun tó sọ kò ju pé ara yín kò lágbára tó lásìkò yìí láti lé àìsàn dànù. Lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni: ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, olùkọ́ ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá ń sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń sín. Ẹni tí kò sùn tó, wọn á ní miǎnyìlì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí kì í jẹun lásìkò, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn, bákan náà ni wọ́n ń wí fún un. Ẹni tó ń ro tiyín ló sọ ọ́ fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 免疫力. Lẹ́tà mẹ́ta ni. Èyí àkọ́kọ́, miǎn, ni kí nǹkan má kan ni, kí ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì ti ń rí i tipẹ́. Miǎnfèi tí wọ́n ń kọ sára pátákó nínú ọjà ni ọ̀fẹ́, ìyẹn ni pé owó sísan kò kàn yín. Miǎnshuì tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Baiyun ni ọjà tí a kò gba owó ibodè lé lórí. Lẹ́tà kejì, yì, ni àjàkálẹ̀ àrùn. Àmì kan wà tó bo orí rẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, òun náà ló wà lára bìng, tí í ṣe àìsàn, àti lára téng, tí í ṣe ìrora. Bí ẹ bá ti rí àmì yẹn lára pátákó ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àìsàn ni wọ́n ń sọ. Lẹ́tà kẹta, lì, ni agbára. Tí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ agbára tí kì í jẹ́ kí àjàkálẹ̀ àrùn rí ènìyàn gbé ṣe. Àjẹsára tiwa náà ni. Àwọn ará Japan ń lo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ yẹn fún un, men'eki ni wọ́n ń kà á.

Mo mọ ìdí tí yì fi lè dẹ́rù ba ọmọ Áfíríkà ní Guangzhou. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa jáde nílé àti ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú yẹn, wọ́n sì sé àwọn mìíràn mọ́lé tipátipá, títí kan àwọn tí kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn aláṣẹ Nàìjíríà pe aṣojú Ṣáínà ní Àbújá kó wá ṣàlàyé. Fángyì, dídènà àjàkálẹ̀ àrùn, ni orúkọ tí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá la ìyẹn kọjá, tàbí tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, kò lè gbọ́ yì kó má ta gìrì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá yín wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó mú yín fura sí ìyá tó gbé ọbẹ̀ wá.

Ní ti Éèdì: àìsàn yẹn ní orúkọ tirẹ̀ nígboro, àizībìng ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi ohùn rẹ̀ jọ ti orúkọ òyìnbó rẹ̀. Orúkọ gígùn tí àwọn dókítà fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ní miǎnyì nínú lóòótọ́, nítorí àjẹsára ara ni àrùn náà ń bà jẹ́. Ìdí tí ọkàn yín fi so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà ní Ṣáínà tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kó fi miǎnyìlì pe àizībìng. Ìtìjú pọ̀ lórí àìsàn yẹn níbẹ̀ bó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ sẹ́nikẹ́ni lójú bẹ́ẹ̀.

Ti gómìnà rọrùn. Èyí tó wà ní ìpín 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tí kò jẹ́ kí a gbé ààrẹ, gómìnà àti àwọn igbákejì wọn lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè, huòmiǎnquán ni àwọn ará Ṣáínà ń pe irú ẹ̀. Miǎn wà nínú rẹ̀, yì kò sí níbẹ̀, nítorí kò sí àrùn nínú ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjèèjì, ni fóònù bá dà á rú mọ́ yín lójú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún tọwọ́ yín: dǐkànglì. Dǐkàng ni kí a kọ̀ fún ọ̀tá, kí a dúró tì í. Dǐkànglì àti miǎnyìlì, ohun kan náà ni wọ́n jẹ́ lẹ́nu àwọn ará ilé, àmọ́ dǐkànglì ni ẹnu àgbàlagbà tètè ń sọ, miǎnyì ni ẹ ó máa rí nínú ìwé àyẹ̀wò àti lára àpótí oògùn. Bí onílé yín bá sì jẹ́ ọmọ bíbí Guangzhou, èdè Cantonese ni yóò fi sọ ọ́ nígbà mìíràn: min yik lik, tí ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì tó gbẹ̀yìn yóò gé pa. Ẹ má rò pé nǹkan tuntun ni.

Ẹ ṣọ́ ohùn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ gan-an ló yẹ kí n kìlọ̀ èyí fún, nítorí miányī, pẹ̀lú ohùn tó ń gòkè lórí èyí àkọ́kọ́ àti ohùn òkè lórí èkejì, ni ẹ̀wù òtútù tí wọ́n fi òwú há nínú. Miǎnyì ni ti àjẹsára: ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ miǎn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ yì lókè kí ẹ sì já a sílẹ̀. Etí Yorùbá kì í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kọ́ wa pé ìgbà kì í ṣe igbá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọbẹ̀ yẹn, nítorí ó dùn mí pé ẹ ò mu ún. Kí ọ̀rọ̀ miǎnyìlì tó gbòde lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn ti ní orúkọ fún ohun tó jọ ọ́. Wọ́n ní agbára rere kan wà nínú ara, zhèngqì, ó sì ń dojú kọ agbára búburú tó ń ti ìta wọlé, xiéqì. Bí tinú bá lágbára, tìta kò rọ́nà wọlé. Bí tinú bá rẹ̀, wọn á ní ara ẹni náà xū, ìyẹn ni pé ó ṣófo. Èyí ló wà lọ́kàn onílé yín nígbà tó ń lo ọ̀rọ̀ tuntun. Ohun tí àwọn ará Guangdong sì mọ̀ jù lọ tí wọ́n fi ń gbé ara tó xū dìde ni ọbẹ̀ olómi tí wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀ lórí iná, lǎohuǒ tāng. Eegun ẹran máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè ní èso pupa kéékèèké tí wọ́n ń pè ní gǒuqǐ, àti huáishān. Huáishān yìí, ẹbí iṣu wa ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ wọ́n sì sá a gbẹ. Èmi ò sọ pé ọbẹ̀ ń wo ikọ́. Omi gbígbóná àti oúnjẹ tó fúyẹ́ dára fún ẹni tó ń ṣàìsàn, ìwọ̀n tí mo lè dúró lé lórí nìyẹn. Bí Mùsùlùmí bá ni yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé "yǒu zhūròu ma?", ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀? Kò ní bínú.

Ọmọbìnrin inú ọjà yẹn ń bá yín ṣeré ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lẹ́nu dókítà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Wǒ duì nǐ de huà miǎnyì le: ọ̀rọ̀ dídùn yín kò ràn mí mọ́, mo ti gbọ́ irú ẹ̀ jù. Wọ́n ń sọ ọ́ sí ìpolówó ọjà, sí igbe ọ̀gá, sí ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tí ẹ ó fẹ́ràn: dǎ yùfángzhēn, kí a gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ìdènà. Tí oníṣòwò bá sọ fún yín pé òun fẹ́ kọ́kọ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ ìdènà, ẹ má ká apá aṣọ sókè, ìròyìn tí kò dára ló fẹ́ fi tó yín létí kó má baà bá yín lójijì. Bóyá ẹrù máa pẹ́ tàbí owó òwú ti gòkè.

Ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ yín ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní iyì jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni yìmiáo. Miáo ni ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ilẹ̀. Gbígba abẹ́rẹ́ ni jiēzhòng, zhòng sì ni kí a gbin nǹkan. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kún inú ìwé dókítà, Ṣọ̀pọ̀ná ló fà á.

Bí àwọn bàbá wa kì í ti í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní Olóde tàbí Ilẹ̀gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà ṣe fún àrùn kan náà ní orúkọ tó dùn létí: tiānhuā, òdòdó ọ̀run. Ó kéré tán, láti ìgbà ọdún 1500 sí 1600 ni àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń ṣe ohun kan tó gba àyà. Wọ́n á ṣí èépá ojú egbò ẹni tí àrùn náà mú níwọ̀nba, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi ọ̀pá kékeré fẹ́ ẹ sí ihò imú ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ọmọ náà yóò ṣàìsàn díẹ̀, bí ó bá sì yè é, àrùn náà kò ní padà mú un mọ́ láyé rẹ̀. Zhòngdòu ni wọ́n ń pè é, gbígbìn. Àwọn mìíràn kú nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kéré púpọ̀ sí àwọn tí àrùn náà fúnra rẹ̀ ń pa. Ọba Kangxi, tó gorí oyè ní 1661 nígbà tó wà lọ́mọdé, ti ṣe Ṣọ̀pọ̀ná ó sì ti yè é, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n yàn án, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní kú ikú yẹn mọ́. Nígbà tó dàgbà, ó ní kí wọ́n gbìn ín fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Dókítà Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Ṣọ̀pọ̀ná ti màlúù rọ́pò rẹ̀ ní 1796, èyí tí kì í pa ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní 1805, abẹ́rẹ́ náà ti dé Macau àti Guangzhou, ìlú tí ẹ ń gbé gan-an. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé. Iṣẹ́ miǎnyì nìyẹn, kò sì sí oògùn alágolo kankan tó ṣe irú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé yẹn bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ìrìnnà. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1978, òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2019 sì ní ẹ̀tọ́ ni fún olùgbé inú ilẹ̀ náà. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà miǎnyì guīhuà, ètò àjẹsára, bá wà lórí wọn, miǎnfèi ni wọ́n, ìjọba ló ń san án. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, kǎjièmiáo, àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ B, yǐgān, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn ìwọ̀nyí tí òbí ń fi owó ara rẹ̀ san, ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á. Ìwé yìí ni ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ mú un dání, kí nọ́ọ̀sì ibí lè mọ èyí tí ọmọ ti gbà.

Ti ìyẹ̀fun inú agolo: ẹ má rà á. Ní oṣù kejì ọdún 2003, nígbà tí àrùn SARS wà ní Guangdong, ẹ̀rù lé àwọn ènìyàn lọ sí ọjà, wọ́n ra bǎnlángēn, oògùn ewé-àti-egbò kan, títí ó fi wọ́n, wọ́n sì ra ọtí kíkan funfun láti máa sè é nínú ilé kí èéfín rẹ̀ lè pa àrùn. Kò pa á. Lónìí, oúnjẹ agbára-ara tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí máa ń ní àmì fìlà aláwọ̀ búlúù lára páálí rẹ̀, lán màozi. Láti 2023, ìjọba ti ní kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́ pé ó ń mú miǎnyìlì lágbára, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó lè ṣèrànwọ́. Dandan sì ni kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe oògùn, kò sì lè gba ipò oògùn. Bí agolo kò bá ní fìlà, ẹ jìnnà sí i. Bí ó bá tilẹ̀ ní in, kò ní wo ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé àjẹsára pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ náà jẹ́ àìsàn. Àwọn kan wà tí àjẹsára ara wọn ń dojú ìjà kọ ara tó ni ín, tó ń jẹ oríkèé, awọ ara tàbí kíndìnrín. Zìshēn miǎnyì bìng ni wọ́n ń pè é, oògùn tí wọ́n sì ń lò ń dín agbára yẹn kù ni. Oorun, oúnjẹ gidi, àti abẹ́rẹ́ tó yẹ kí ènìyàn gbà lásìkò, ìwọ̀nyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Nígbà tí ẹ bá tún rí onílé yín, ẹ pè é ní āyí, bí àwa ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ ní àǹtí, kí ẹ ní: "Xièxie āyí guānxīn." Ẹ ṣeun tí ẹ ń ro tèmi.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró lórí ọbẹ̀ nìkan. Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló kàn, pàápàá tí ọmọ kékeré bá wà nílé, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, kí ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ̀ka tí ẹ ó béèrè nílé ìwòsàn ni hūxī nèikē, ohun tí ẹ ó sì sọ fún dókítà ni "késou sān ge xīngqī le": ikọ́ ti ń ṣe mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.